Fífi rélùwéè kó ẹran ọ̀sìn nígbà ogun: iye ẹran nínú wágọ́nù, òfin wákàtí 28, yanrìn àti omi

Atẹ́rinsílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń to àwòṣe rélùwéè kékeré kan, ti Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, oṣù Keje ọdún 1943. Wágọ́nù ẹran 12 ló wà níbẹ̀: 9 fún màlúù, 2 fún ẹlẹ́dẹ̀, 1 fún àgùntàn. Fort Worth ní Texas ni wọ́n ti gbéra, Union Stock Yards, ọjà ẹran ńlá ní Chicago, ni wọ́n ń lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà wò ó kó bú sẹ́rìn-ín, ìdí nìyẹn tí mo fi wá bèèrè.

Ẹran mélòó ló ń wọ wágọ́nù kan? Iwájú ni wọ́n ń so wọ́n mọ́ àbí ẹ̀yìn? Ṣé dandan ni kí n kọ́ ọgbà ìsinmi sójú ọ̀nà? Kí ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ inú wágọ́nù? Kí sì ni ogun gan-an yí padà nínú iṣẹ́ yìí?

Gáàdì Àgbà

Àbúrò, orí aago ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, má ti orí wágọ́nù bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó o bèèrè yẹn, abẹ́ àṣẹ aago ló wà.

Amẹ́ríkà ti ní irú òfin yìí láti 1873, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń lò nígbà ogun ni wọ́n ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1906. Ó ní iléeṣẹ́ rélùwéè kankan kò gbọdọ̀ ti ẹran mọ́nú wágọ́nù ju wákàtí 28 ní ìtẹ̀léra lọ. Tó bá ti pé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sínú ọgbà tó ní ohun èlò, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu, kí wọ́n sì sinmi fún wákàtí 5 ó kéré tán. Iléeṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ rú u, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 100 sí 500 dọ́là lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Inú òfin yẹn ní kọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Àkókò tí wọ́n fi ń kó ẹran wọlé àti èyí tí wọ́n fi ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ kò sí nínú òǹkà. Ṣùgbọ́n bí iléeṣẹ́ kan bá fa wágọ́nù lé òmíràn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, aago kì í bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun: wákàtí 11 tí ẹran ti lò lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ ń bá a dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Olówó ẹran lè ní kí wọ́n sún un dé wákàtí 36, àmọ́ ìwé ọ̀tọ̀ ló gbọ́dọ̀ fi bèèrè rẹ̀. Òfin kò gbà kó wà lára ìwé ẹrù tàbí ìwé kankan tí rélùwéè ti tẹ̀ sílẹ̀, torí wọn ì bá máa fi sáàárín ọ̀rọ̀ wínníwínní kí gbogbo ayé máa fọwọ́ sí i. Ti àgùntàn yàtọ̀ díẹ̀. Tí wákàtí 28 bá pé wọn lóru, kò pọn dandan kí wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀ nínú òkùnkùn. Wọ́n lè máa bá a lọ títí dé ibi tó dára, bí kò bá ṣáà ti kọjá 36.

Wàyí o, Fort Worth sí Chicago tó nǹkan bí 1,000 máìlì lójú irin. Tó o bá ka ìdúró mọ́ ọn, ti omi ẹ̀ńjìnnì, ti pípààrọ̀ òṣìṣẹ́, ti yíyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọkọ̀ mìíràn, máìlì 20 ní wákàtí kan kì í ṣe ìrìn tó burú fún ọkọ̀ ẹrù. Wákàtí 28 á gbé ọ dé máìlì 560. Wákàtí 36 á gbé ọ dé 720. Bó ti wù kó o ṣe é, ìsinmi kan ó kéré tán wà lójú ọ̀nà yẹn. Kọ́ ọgbà náà. Kansas City bọ́ sí nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, ọgbà ẹran tó wà níbẹ̀ sì tóbi dáadáa.

Baba Ẹlẹ́ran

Ẹ kú àlàyé, Gáàdì. Ẹ jẹ́ n mú ti iye ẹran.

Wágọ́nù ẹran tó wọ́pọ̀ nígbà náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 36 tàbí 40, inú rẹ̀ sì fẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8 ààbọ̀. Tó o bá sọ gígùn di púpọ̀ ní ìbú, ti 36 ní àyè 306 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó nílẹ̀, ti 40 ní 340. Màlúù tó wọn pọ́n-ùn 1,000, tí kò níwo, ń gba nǹkan bíi 12.8 nínú àyè yẹn. Ìyẹn ni pé 24 á wọ ti 36, 26 á wọ ti 40. Tí wọ́n bá níwo, yọ ẹyọ kan tàbí méjì. Ọ̀dọ́ màlúù tó wọn 600, tí wọ́n ń kó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa fi àgbàdo bọ́ ọ sanra, nǹkan bí 36 ló máa wọ ti 36.

Àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀, wágọ́nù alájà méjì ló yẹ wọ́n. Àgùntàn tó wọn 100, tí wọ́n ti rẹ́ irun rẹ̀, ń lọ sí nǹkan bí 109 lórí àjà kan, ìyẹn 218 lápapọ̀. Èyí tí irun ṣì kún ara rẹ̀, kó o ka 100 sórí àjà. Ẹlẹ́dẹ̀ tó wọn 200, 87 lè wọ àjà kan nígbà òtútù. Oṣù Keje lo sọ pé ó jẹ́ o; má kọjá 76.

Kíyè sí i pé màlúù 24 tó wọn 1,000 kò ju 24,000 pọ́n-ùn lọ, tọ́ọ̀nù 12 ní ìṣirò Amẹ́ríkà. Irin wágọ́nù yẹn lè gbé ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wágọ́nù ẹran fi máa ń fò sókè sódò lójú irin: ẹrù inú rẹ̀ kò tó láti tẹ sípíríǹgì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹran ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Atẹ́rinsílẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ogun ń lọ lọ́wọ́, wágọ́nù kò tó, ẹran ni wọ́n fi ń bọ́ sójà. Kí ló dé tí wọn ò há 30 mọ́ ibi tí 24 wà? Ṣebí wágọ́nù díẹ̀ ni yóò kó ẹran púpọ̀ nígbà náà.

Baba Ẹlẹ́ran

Ìbéèrè tó dáa. Ẹran tó bá ṣubú nínú wágọ́nù tó há kò ní rí àyè dìde. Àwọn tó kù kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè tẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n máa dúró sí. Láàárín wákàtí díẹ̀, ó ti kú tàbí ó ti fọ́ yánnayànna. Ìwọ̀n ẹran ni wọ́n ń sanwó ọkọ̀ lé lórí, òkú ẹran kì í sì í wọ ọjà.

Àmọ́ ohun tí àwọn aláìmọ̀ kì í rò ni pé àyè tó pọ̀ jù náà ń pa ẹran. Tó o bá fi màlúù 14 sínú wágọ́nù tó yẹ kó gba 24, gbogbo ìgbà tí ẹ̀ńjìnnì bá fa, wọ́n á gbá sẹ́yìn. Tó bá tẹ búrékì, wọ́n á gbá síwájú. Màlúù inú wágọ́nù ń fara ti ara wọn ni. Tí ẹran kò bá pé iye, pátákó ìdábùú ni wọ́n máa ń kàn sáàárín, kí wọ́n fi sé àyè náà kù.

Pátákó yẹn náà ni wọ́n fi ń ya oríṣiríṣi ẹran sọ́tọ̀: ọmọ màlúù sí ìhà kan, ìyá wọn sí ìhà kejì, ẹlẹ́dẹ̀ ńlá kúrò lára kékeré. Akọ màlúù gbọ́dọ̀ wà ní síso, okùn kúkúrú, kí orí rẹ̀ má lè yí. Tí o bá da akọ méjì tí kò mọra wọn sí àárín 22, ìjà wọn máa mú gbogbo wágọ́nù dàrú kí ọkọ̀ tó kúrò ní ọgbà.

Ti ogun wá nìyí: láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1943, ẹran ti di ohun tí wọ́n ń fi káàdì ìpín oúnjẹ pẹ̀lú owó rà ní Amẹ́ríkà. Ibi tí ẹran bá ti fara gbá tí ẹ̀jẹ̀ sì dì sí, alápatà á gé e sọ nù ni. Itan àti ìbàdí, tó jẹ́ ibi tó níye lórí jù, ló sì máa ń fara gbá jù. Awọ ń lọ fún bàtà ológun. Bí darandaran bá fi ọ̀pá onírin gún ẹran lẹ́yìn, ojú ọgbẹ́ yẹn ń hàn lára awọ lẹ́yìn tí wọ́n bá sè é tán. Nítorí náà, híhá ẹran pọ̀ kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ìjọba.

Dókítà Ẹran

Kí n tó dé orí ohun tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ti ẹnu ọ̀nà. Tí o bá fẹ́ kí àwòṣe rẹ péye, wo àtẹ̀gùn tí ẹran ń gbà wọlé. Àlàfo tó wà láàárín orí àtẹ̀gùn àti ẹnu wágọ́nù ni ẹsẹ̀ ẹran ti ń kán. Pátákó kan gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n fi ń bo ó. Nínú ilẹ̀kùn, pátákó líle kan tún wà tí wọ́n ń fi dábùú, kí ẹran má baà fara ti ilẹ̀kùn títí yóò fi yọ kúrò nínú irin rẹ̀. Kí ẹran tó wọlé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ ra ògiri inú yíká, kó fi òòlù lu gbogbo ìṣó tó bá yọrí. Ìṣó kan tó yọ lè ya ara màlúù mẹ́wàá kí wọ́n tó dé.

Ẹlẹ́dẹ̀ wàyí. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn tó ohun tó lè tù ú lára, ọ̀rá sì wà lábẹ́ awọ rẹ̀. Ooru oṣù Keje ní Texas ni ọ̀tá rẹ̀. Wọn kì í fún un ní àgbàdo rẹpẹtẹ kó tó wọlé, torí oúnjẹ tó ń dà nínú ń fi kún ooru ara. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń kó o. Yanrìn ni wọ́n ń tẹ́, wọ́n á bu omi sí i títí á fi rin ṣinṣin kí ẹlẹ́dẹ̀ kankan tó tẹ̀ ẹ́. Yanrìn tó nípọn ní íǹṣì kan nínú wágọ́nù ẹsẹ̀ bàtà 36 á gba nǹkan bíi yáàdì onígun kan, torí náà fi òkìtì yanrìn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà rẹ. Àwọn mìíràn ń gbé yìnyín sínú àpò, wọ́n á so ó rọ̀ sókè tàbí kí wọ́n gbé e sílẹ̀.

Tí ọkọ̀ bá dúró gba omi, wọ́n tún máa ń fi rọ́bà tí omi ń gbà wẹ ilẹ̀ wágọ́nù ẹlẹ́dẹ̀. Ilẹ̀ ni mo wí o! Ẹlẹ́dẹ̀ tí ooru ti mú, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí o bá da omi tútù sí i lẹ́yìn, ó lè kú lójú ẹsẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ gba ìsàlẹ̀ lọ, kí ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀ fi ikùn sùn sínú rẹ̀. Àjà òkè ló máa ń gbóná jù, nítorí náà ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Nígbà òtútù, koríko gbígbẹ ló ń rọ́pò yanrìn. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹlẹ́dẹ̀ tí òtútù mú ń gun orí ara wọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ á sì pàdánù èémí. Wọ́n máa ń fi bébà tó nípọn bo ìhà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Alákọsílẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà: ní ọgbà ìsinmi yẹn, ṣé omi ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún wọn àbí oúnjẹ? Iye omi ń kọ́?

Dókítà Ẹran

Koríko gbígbẹ ni wọ́n máa ń jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu kàn ṣáájú, lẹ́yìn náà omi. Màlúù tí òǹgbẹ ti gbẹ fún ọjọ́ kan, tó wá rí omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ikùn rẹ̀ á wú, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì ṣàn. Wágọ́nù á kún fún ìgbẹ́ olómi, ilẹ̀ á máa yọ̀, ẹran á máa ṣubú. Àgbàdo àti ọkà kò yẹ màlúù lójú ọ̀nà. Màlúù ńlá kan lè mu gálọ́ọ̀nù 8 sí 10. Wágọ́nù 9 tìrẹ, pẹ̀lú màlúù 24 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 216. Tí kálukú bá mu gálọ́ọ̀nù 10, gálọ́ọ̀nù 2,160 nìyẹn. Àgbá omi tó wà lókè ọgbà náà kò lè jẹ́ kékeré.

Ohun kan tún wà tí ẹran ń kó lójú ọ̀nà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tó bá dé ló ń hàn: àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ibà ìrìnàjò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹran á máa wúkọ́, imú rẹ̀ á máa ṣomi, kò ní jẹun mọ́. Ebi, òtútù, eruku àti ìpayà ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹni tó ra ọ̀dọ́ màlúù ní Texas láti bọ́ sanra nílẹ̀ àgbàdo, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà jù, kì í ṣe alápatà.

Nípa eégbọn: ẹran Texas ti jẹ́ ẹran tí àwọn ìpínlẹ̀ òkè ń sá fún tipẹ́ nítorí ibà tí eégbọn ń gbé kiri. Láti 1906 ni ìjọba ti ń rì ẹran bọ kòtò oògùn láti pa á. Ní 1943, ọdún tí àwòṣe rẹ dá lé, ni wọ́n kéde pé ó ti tán, àfi ní bèbè ààlà Mexico. Kò sí ìdí kó o lẹ ìwé ìkìlọ̀ eégbọn mọ́ wágọ́nù rẹ.

Gáàdì Àgbà

Mo padà dé. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìtò ọkọ̀ àti ti ogun.

Iwájú ni kó o so wọ́n mọ́, lẹ́yìn ẹ̀ńjìnnì gan-an. Ìdí méjì ló wà níbẹ̀. Ìkọ́ tó so wágọ́nù kan mọ́ èkejì ní àlàfo díẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó gùn, àlàfo wọ̀nyẹn ń para pọ̀. Tí dírẹ́bà bá fa, wágọ́nù ẹ̀yìn kò ní kúrò lójú kan títí gbogbo àlàfo yóò fi tán, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fà á yọ lójijì. Fífà lójijì yẹn ń lágbára sí i bó ṣe ń lọ sẹ́yìn. Màlúù tó wà ní ìkẹta sí ẹ̀ńjìnnì kò ní rí ìdá kékeré nínú ohun tí èyí tó wà ní ìkẹtàdínláàádọ́rin máa rí. Ìdí kejì: tí aago bá ń lọ, ẹ̀ńjìnnì á kàn já wọn kúrò lára ìyókù, á tì wọ́n sí ojú irin ọgbà, kò ní tú gbogbo ọkọ̀ ká.

Àwọn olùtọ́jú ẹran ń jókòó nínú wágọ́nù gáàdì ní ìparí. Tí ọkọ̀ bá dúró, wọ́n á mú ọ̀pá gígùn àti fìtílà, wọ́n á sáré lọ síwájú, wọ́n á máa yọjú láàárín pátákó. Èyí tó bá ti dùbúlẹ̀, wọ́n á gbé e dìde kí ọkọ̀ tó tún gbéra. Fi ọkùnrin méjì bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin rẹ, níbi tí ẹ̀ńjìnnì ti ń gbomi.

Wákàtí tí ẹran wọlé wà ní kíkọ sára ìwé ẹrù. Gáàdì tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ohun àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ ń wá nìyẹn.

Ohun tí ogun ṣe wá nìyí. Kó tó dé, ọkọ̀ akẹ́rù orí títì ti ń já ẹran gbà lọ́wọ́ rélùwéè, àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè sì ti ń dín wágọ́nù ẹran kù. Àfi bí Japan ṣe gba ilẹ̀ tí rọ́bà ti ń wá. Oṣù Kìíní ọdún 1942 ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀n pín táyà. Wọ́n ní kí ọkọ̀ má sáré ju máìlì 35 ní wákàtí kan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, epo mọ́tò ti di ohun pípín jákèjádò ilẹ̀ náà. Ẹran tí ọ̀nà rẹ̀ jìn padà sọ́dọ̀ rélùwéè, nígbà tí irin tí wọn ì bá fi ṣe wágọ́nù tuntun ń lọ sínú ọkọ̀ ogun. Nítorí náà, wágọ́nù rẹ gbọ́dọ̀ gbó. Àwọn kan tiẹ̀ ń mú wágọ́nù ẹrù onípátákó tó ti darúgbó, wọ́n á yọ pátákó kan fo ọ̀kan lára ògiri rẹ̀, ó ti di wágọ́nù ẹran nìyẹn. Ṣe ọ̀kan bẹ́ẹ̀ sáàárín 12, ẹni tó mọ̀ máa dá a mọ̀.

Ojú irin pàápàá há. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń ri ọkọ̀ epo létí òkun Ìlà-oòrùn ní 1942, nítorí náà epo rọ̀bì ń gba ojú irin. Ọkọ̀ ológun ń kọjá tọ̀sán tòru. Ìjọba ti dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, Office of Defense Transportation, abẹ́ Joseph Eastman, láti máa ṣètò ohun tó yẹ kó ṣáájú. Títí di oṣù Keje 1943 tí àwòṣe rẹ dá lé, wọn kò gba rélùwéè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín bíi ti ogun àkọ́kọ́, nígbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń darí rẹ̀ láti ìparí 1917 títí di oṣù Kẹta 1920.

Alákọsílẹ̀

Tí ọkọ̀ ológun bá wá dá wọn dúró títí wákàtí 28 fi kọjá ńkọ́? Ṣé wọ́n máa sanwó ìtanràn?

Gáàdì Àgbà

Òfin náà yọ̀ǹda fún ìjì àti ohun àìròtẹ́lẹ̀ tí èèyàn kò lè yẹra fún bó ti wù kó ṣọ́ra tó. Ọ̀rọ̀ wá wà nínú "àìròtẹ́lẹ̀" yẹn. Tí omi bá gbé afárá lọ, kò sẹ́ni tó máa dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ojú irin tó ti há láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ta ló máa sọ pé òun ò rò ó tẹ́lẹ̀? Ẹni tó ń darí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣírò rẹ̀ láti àárọ̀. Tí aago ẹran bá ti di 20, tí ọ̀nà iwájú sì ti dí, ọgbà tó bá kọ́kọ́ kàn ni wọ́n á sọ̀ wọ́n sí, kódà bí wákàtí 8 bá ṣì kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọgbà kéékèèké tí kò ní orúkọ fi wúlò nígbà ogun ju ti ìgbà àlàáfíà lọ.

Ọ̀rẹ́ Ẹṣin

Ẹ má gbàgbé ẹṣin o. Ẹṣin kì í gba ohun tí màlúù ń gbà.

Àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti wágọ́nù ilẹ̀ Faransé nígbà ogun àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n kọ "HOMMES 40, CHEVAUX (en long) 8" sí lára: èèyàn 40 tàbí ẹṣin 8 ní òró. Inú rẹ̀ gùn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20, ó sì fẹ̀ ní 8 ààbọ̀. Ẹṣin 4 ń dúró ní ìhà kan, 4 ní ìhà kejì, kí gbogbo wọn kọjú sí àárín níbi tí ilẹ̀kùn wà. Ẹṣin kọ̀ọ̀kan kò ní ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lé díẹ̀ lọ ní ìbú. Àárín yẹn ni àwọn tó ń tọ́jú wọn ń wà, pẹ̀lú gàárì, oúnjẹ àti korobá omi. Ohun tó dáa nínú ètò yìí ni pé orí gbogbo ẹṣin wà níwájú ẹni tó ń tọ́jú wọn, ìdí wọn sì kọjú sí ògiri. Ẹṣin tó bá tàpá, pátákó ló máa gbá.

Ní Amẹ́ríkà nígbà ogun kejì, Fort Reno ní Oklahoma àti Fort Robinson ní Nebraska wà lára ibi tí àwọn ológun ti ń tọ́ ẹṣin àti ìbaaka. Ìbaaka ṣì ṣiṣẹ́ gan-an ní orí òkè Italy àti nínú igbó Burma, níbi tí mọ́tò kò lè gbà. Tó o bá máa kó wọn, bọ́ irin pátákò ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn kí wọ́n tó wọlé, kí ìtàpá má baà di ọgbẹ́.

Mex B

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ jẹ́ n fi ti Gẹ̀ẹ́sì kún un, torí ó yàtọ̀ pátápátá, àwọn tó ń to àwòṣe sì máa ń da méjèèjì pọ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kéré, nítorí náà kì í ṣe wákàtí ló ń dùn wọ́n, pípín ni. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939 ni ìjọba gba àkóso iléeṣẹ́ rélùwéè mẹ́rin ńlá: GWR, LMS, LNER àti Southern. Ní oṣù Kìíní 1940, Ministry of Food, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí oúnjẹ, di ẹnì kan ṣoṣo tó ń ra ẹran tó ti tó pa. Ṣáájú ìgbà yẹn, alágbàtà lè ra màlúù ní ọjà kan lónìí, kó tún fi wágọ́nù gbé e lọ tà níbòmíràn lọ́la. Ìyẹn tán. Ibùdó ìkójọ ni àgbẹ̀ ń kó ẹran lọ, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á dá iye lé e, wọ́n á sì sọ ilé ìpẹran tó ń lọ. Ilé ìpẹran tí wọ́n fi sílẹ̀ kò tó nǹkan mọ́, nítorí náà wágọ́nù ń lọ láti ibi díẹ̀ sí ibi díẹ̀, ní ojoojúmọ́. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1940 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀n pín ẹran fáráàlú.

Wágọ́nù wọn kúrú, ó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mẹ́rin, ó ní òrùlé, apá òkè ògiri rẹ̀ sì ṣí. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ń wó kalẹ̀ di àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀, apá òkè ń ṣí sọ́tùn-ún sósì. Nínú èyí tó tóbi, pátákó ìdábùú kan wà tí wọ́n lè sún, kí wágọ́nù di ńlá, àárín tàbí kékeré, torí orí ìtóbi ni wọ́n ń gbowó. MEX ni GWR ń pè é nínú tẹlifóònù àti tẹ́lígíráàmù. Èyí tó jẹ́ ti ẹran ìdíje, tó ní yàrá fún olùtọ́jú, BEETLE ni wọ́n ń pe tiẹ̀.

Màlúù Ireland tó ń gba Holyhead àti Birkenhead wọlé jẹ́ iṣẹ́ ńlá fún LMS, àmọ́ ní 1941 àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu bẹ́ sílẹ̀ ní Ireland, wọ́n sì dá ẹran dúró. Ẹni tó bá to ọkọ̀ màlúù Holyhead ti ọdún yẹn ní láti ronú dáadáa.

Ohun mìíràn: òkùnkùn àfipáṣe. Iná kò gbọdọ̀ hàn sókè, kí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá má baà rí i. Ẹran kì í fẹ́ wọ ibi tó ṣókùnkùn, nítorí náà fífi fìtílà tí wọ́n bo lójú kó màlúù wọlé lóru máa ń falẹ̀.

Atẹ́rinsílẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé púpọ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Mo rí àwòrán wágọ́nù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun bíi pé wọ́n fi ẹfun kùn ún. Ṣé kí n kùn wọ́n bẹ́ẹ̀? Àti pé, tí wọ́n bá sọ ẹran kalẹ̀ tán ní Chicago, kí ni wágọ́nù ń gbé padà?

Mex B

Ti Gẹ̀ẹ́sì, rárá. Ẹfun ni wọ́n fi ń pa kòkòrò lóòótọ́, àmọ́ ó ń jó ẹsẹ̀ àti awọ ẹran, wọ́n sì ti fòfin dá a dúró láàárín ọdún 1920 sí 1930. Oògùn tí kò ní àwọ̀ ni wọ́n ń lò nígbà ogun. Wágọ́nù funfun nínú àwòṣe 1940, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn.

Baba Ẹlẹ́ran

Ti Amẹ́ríkà, fi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú 12, kó ṣá, kó ṣàn wálẹ̀. Má kùn ún tán.

Ti ìpadà: wọ́n á kọ́kọ́ kó ìgbẹ́ àti yanrìn kúrò, wọ́n á fi rọ́bà fọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹran tó ní àrùn ló gbé, àwọn oníṣègùn ẹran ìjọba á ní kí wọ́n fi oògùn wẹ̀ ẹ́ kí ẹran mìíràn tó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ ń padà lófìfo, torí ẹrù tí òjò kò gbọdọ̀ pa kò lè wọ ibi tí ògiri rẹ̀ lálàfo. Èyí tó bá rí ẹrù, èédú sísun tàbí igi ìdábùú ojú irin ló sábà máa ń gbé. Tó bá wá padà dé Texas nígbà bàrà, wọ́n ń kó bàrà sínú rẹ̀ lọ sókè, torí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, tí àyè bá wà lójú irin kejì, to wágọ́nù ẹran mẹ́rin síbẹ̀ tó kọrí sí gúúsù, kí ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀, kí yanrìn díẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.